Ọ̀bẹ Alábàjà Mẹ́ta

Ẹ̀yin tí ẹ rọ̀gbà yí ẹran yíyan yìí ká, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i, kí oòrùn má baà pa yín síbẹ̀. Ẹran ẹfọ̀n kì í tètè gbẹ, ìtàn mi náà kò sì kúrú. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti rìn nínú igbó tí ẹyẹ kì í fò kọjá, mo ti bá iwin jẹ iṣu nínú àwo kan náà, mo sì jẹ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́gbàmí ará Ìdí-Òro ni, ẹni tí ó dákẹ́ jù nínú gbogbo ọdẹ tí mo bá rìn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ fún mi, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni tí ń ka iye ewúrẹ́ tó wà lọ́gbà, kò sì tún un sọ mọ́. Bí mo bá bu iyọ̀ sí i níbì kan, ẹ mọ̀ mí, ẹ fi jì mí.

Ọdẹ́gbàmí ní ẹ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Láṣebìkan. Ìyá kan náà ló bí wọn, wọ́n sì kọ àbàjà mẹ́ta mẹ́ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn gẹ́gẹ́ bí gbogbo ọmọ ilé wọn. Ọdẹ gidi ni Láṣebìkan. Nígbà tí wọ́n ń kó àwọn géńdé lọ sí ogun Bọ́mà, òun náà lọ. Ogun parí, àwọn mìíràn dé, òun kò dé. Sójà kan tí wọ́n jọ lọ ni ó wá sí Ìdí-Òro, ó tú aṣọ kan, ó yọ ọ̀bẹ gígùn kan jáde, ó ní ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ Láṣebìkan nìyẹn nígbà tí wọ́n rí òkú rẹ̀. Ọ̀bẹ ẹnu ìbọn ni, irú èyí tí àwọn sójà máa ń fi há ẹnu ìbọn kí ó lè di ọ̀kọ̀. Ọdẹ́gbàmí gbà á, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Lára irin náà, nítòsí èèkù, ó rí ilà mẹ́ta tí wọ́n fi ṣóńṣó irin kọ, wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja, ọ̀kan lórí èkejì. Ó ní àbàjà mẹ́ta nìyí. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló kọ ojú ara rẹ̀ sára ọ̀bẹ, kí ará ilé lè mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa la wò ó, gbogbo wa la sì gbà bẹ́ẹ̀. Ta ni ìbá rí àbàjà tí yóò pè é ní nǹkan mìíràn ní ìlú wa?

Láti ọjọ́ náà ni ara Ọdẹ́gbàmí ti kú. Kì í ṣe pé ó ṣàìsàn o. Ó ń jẹun, ó ń rìn, ó ń pa ẹran. Ṣùgbọ́n ẹ̀gún gún un, kò mọ̀. Ó fi ọwọ́ lásán gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ìgbà tí ìyá rẹ̀ rí awọ ọwọ́ rẹ̀ tó bó ni ó tó mọ̀ pé ìkòkò gbóná. Ata kò ta á lẹ́nu. Kò sunkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó ní ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n ki òwú sí òun nínú, láti ọ̀fun dé ìsàlẹ̀ ikùn, ó sì ti mọ́ òun lára.

Nǹkan kejì tún wà. Nígbàkígbà tí ó bá wọ igbó, ó máa ń gbọ́ ikọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ikọ́ Láṣebìkan ni, ikọ́ kúkúrú méjì tí ó máa ń wú kí ó tó yìnbọn. Bí Ọdẹ́gbàmí bá bojú wẹ̀yìn, kò ní rí ẹnì kankan. Ẹ sì mọ̀ bí tiwa ṣe rí. Bí ọdẹ bá kú, a gbọ́dọ̀ ṣí ìpà rẹ̀. A ó kó ohun ìṣọdẹ rẹ̀ lọ sínú igbó, a ó kọ ìrèmọ̀jé fún un, a ó sọ fún un pé ó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ wa, kí ó máa lọ. Ọdẹ tí a kò bá ṣe èyí fún kò ní rí ọ̀dọ̀ àwọn tirẹ̀ dé, inú igbó ni yóò ti máa tẹ̀ lé wa kiri. Ìyá wọn sì ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Ó pe Ọdẹ́gbàmí, ó ní ikú kò ba òun lẹ́rù, ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni pé kí òun dé ọ̀hún kí òun má bá ọmọ òun níbẹ̀.

Àwa ọdẹ pàdé lórí ọ̀rọ̀ náà. Olúọ́dẹ gbé ọ̀bẹ náà lé orúnkún, ó ní ọ̀bẹ nìkan kò lè dá lọ. Ó ní ọ̀bẹ tí wọ́n ṣe òrùka ẹnu ìbọn sí, àfi kí a kó ìbọn tó ni ín mọ́ ọn, nítorí pé sójà ni Láṣebìkan nígbà tí ó kú, ohun ìjà sójà ni a ó fi ṣí ìpà rẹ̀. Èmi náà wà ní ìjókòó yẹn, mo sì ń mi orí bí àgbàlagbà tó gbọ́n. Mo ń bọ̀ wá sórí ìyẹn. Ọdẹ́gbàmí kò bá wa jiyàn. Ó dìde, ó gbé ìbọn ṣakabùlà kọ́ èjìká, ó ki ọ̀bẹ náà bọ ìbàdí, ó ní òun ń lọ sí Ìlú Ìbọndúró, níbi tí gbogbo ìbọn tí ẹni tó ni wọ́n kú sógun ń lọ dúró sí.

Ó kọ́kọ́ wọ Igbó Ẹlẹ́kún. Ẹ má bi mí ní ọ̀nà tó gbà débẹ̀, ẹ kò ní lọ. Iwin kan ni oníbodè igbó náà, orí rẹ̀ ń gbá ẹ̀ka ìrókò, igbá ńlá kan sì wà níwájú rẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tí yóò bá kọjá gbọ́dọ̀ sunkún kún igbá náà. Èmi fúnra mi ti gba ibẹ̀ kọjá rí, mi ò ní í purọ́ fún yín, igbá méjì ni mo sun. Iwin ní kí Ọdẹ́gbàmí bẹ̀rẹ̀. Ọdẹ́gbàmí ní òun kò ní ẹkún. Iwin fi èsìsì nà án láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, Ọdẹ́gbàmí sì dúró, ó ń wo àwọn èèrà tó ń tò kọjá. Iwin fọ́n ata gbígbẹ sí i lójú, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó yá, ó rẹ iwin, ó jókòó tì í, ó bi í léèrè ohun tó ṣe é. Ọdẹ́gbàmí sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó sọ ti ọ̀bẹ, ó sọ ti ikọ́, ó sọ ti ìyá. Kò gbé ohùn sókè níbì kankan. Kí ó tó sọ ọ́ tán, iwin náà ni omi ń dà lójú rẹ̀ sínú igbá, títí igbá fi kún. Ó ní kí ó máa kọjá lọ, pé òun kò rí irú rẹ̀ rí, òun kò sì fẹ́ rí i mọ́.

Lẹ́yìn igbó náà ni ó kan odò kan tí omi rẹ̀ dúdú bí aró. Ìyá arúgbó kan jókòó létí rẹ̀, ó ń fi irun orí ara rẹ̀ hun àwọ̀n. Òun ló ń pinnu bí omi ṣe máa jìn tó fún olúkúlùkù. Ẹni tó bá já àlọ́ rẹ̀, omi kò ní kọjá kókósẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá já a, ẹja á jẹ ẹ́. Ó pa ti àkọ́kọ́, ó ní kí ló ní ẹnu tí kì í bu èèyàn jẹ, àfi ìgbà tí eyín kan ṣoṣo bá hù sí i. Ọdẹ́gbàmí ní ìbọn ni, eyín náà sì ni ọ̀bẹ ẹnu rẹ̀. Arúgbó ní ó gbà á. Ó wá wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Kí ló wà lára rẹ tí kì í ṣe tìrẹ?"

Ọdẹ́gbàmí fa ọ̀bẹ yọ, ó ní ọ̀bẹ ẹ̀gbọ́n òun nìyí. Arúgbó náà wo ìbàdí rẹ̀, ó wo èjìká rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìdajì ìdáhùn ni, ìdajì náà gan-an sì tún ní àbùkù. Ó ní omi yóò mu ún dé ọrùn. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọdẹ́gbàmí gbé ṣakabùlà sókè orí kí omi má baà kàn án, ó fi eyín di ọ̀bẹ mú, ó sì là á kọjá. Ìgbà tí ó gòkè ni ó ṣàkíyèsí pé ẹja kan ti gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ òun lọ. Ó já ewé, ó fi dí ojú ibẹ̀, ó ń lọ. Èmi tí mo ń sọ ọ́ yìí ti ka ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀.

Ìlú Ìbọndúró kò ní ilé, kò sì ní igi. Ìbọn ló tò lọ bẹẹrẹ títí ojú kò fi tó o mọ́, olúkúlùkù fi ìdí tilẹ̀, ó la ẹnu sókè. Atẹ́gùn ń kó sí wọn lẹ́nu, gbogbo ìlú sì ń dún hùù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn kọ̀ọ̀kan ni ẹni tó ni ín jókòó sí, tí ń wo iwájú, inú rẹ̀ kò dùn, inú rẹ̀ kò sì bàjẹ́. Ọdẹ́gbàmí sọ fún mi pé láti ìgbà tí Láṣebìkan ti kú, ibẹ̀ ni ibi àkọ́kọ́ tí òun dé tí ara òun balẹ̀, nítorí pé bí ó ṣe ń ṣe òun ló ń ṣe gbogbo wọn.

Olùtọ́jú ìlú náà ń jẹ́ Fọwọ́wò. Kò ní ojú lórí. Orí ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni ojú rẹ̀ wà, ó sì ń ṣẹ́ wọn níkọ̀ọ̀kan. Ọdẹ́gbàmí na ọ̀bẹ sí i, ó ní kí ó mú òun lọ bá ìbọn rẹ̀, pé ti ẹ̀gbọ́n òun ni, àbàjà ilé àwọn ló wà lára rẹ̀. Fọwọ́wò ní kí ó fi ti ilà ṣe ìkẹyìn, ọ̀rọ̀ ọrùn ìbọn ló ṣáájú. Ó fi ìka wo òrùka tó wà níbi tí irin ti pàdé èèkù, èyí tí ẹnu ìbọn ń gbà kọjá, ó ní ó fẹ̀. Ó wo pákó méjì tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ èèkù. Ó wo ojú ihò tó gùn lọ lẹ́yìn èèkù, níbi tí eyín abẹ́ ìbọn ń há sí, ó tẹ kókó kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ń tú u sílẹ̀. Ó wọn irin rẹ̀ mọ́ apá Ọdẹ́gbàmí, irin náà bẹ̀rẹ̀ láti ìgúnpá, ó kọjá ọrùn ọwọ́.

Ọdẹ́gbàmí ní abẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀gbọ́n òun ti jagun, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìbọn Gẹ̀ẹ́sì ni kí àwọn lọ. Fọwọ́wò kò jiyàn. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ wọn, ó fi hàn án pé abẹ́ àgbọ̀n ni ìbọn Gẹ̀ẹ́sì ń wọ ọ̀bẹ sí, wọ́n ṣe kókó kan síbẹ̀ fún òrùka rẹ̀. Ọ̀bẹ ọwọ́ Ọdẹ́gbàmí, ọrùn ìbọn gan-an ni òrùka rẹ̀ fẹ́ yí ká. Ọdẹ́gbàmí ní ó lè jẹ́ pé ìpẹtà ló fà á. Ó dán an wò lára ogójì ìbọn, kò wọ ẹyọ kan. Láṣebìkan náà kò sí láàárín àwọn tó jókòó níbẹ̀, inú igbó ló ṣì wà. Fọwọ́wò tún mú un lọ sọ́dọ̀ ìbọn àwọn ará Jàpáàn. Ó ní púpọ̀ nínú ọ̀bẹ tiwọn ní ìkọ́ lábẹ́ èèkù, bí ìkọ́ ìpẹja, èyí kò sì ní. Wọ́n bá ìbọn mìíràn tí ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, ọ̀bẹ náà ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ lára rẹ̀ bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Òmíràn gba òrùka, ṣùgbọ́n eyín abẹ́ rẹ̀ kò bá ihò èèkù mu. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn, oòrùn kò sì wọ̀ níbẹ̀ rárá.

Nígbẹ̀yìn, Fọwọ́wò ní ìbọn kan ń bẹ tí ó máa ń wọ àwọ̀lékè irin, tí ọrùn rẹ̀ fi nípọn ju ti àwọn yòókù lọ. Ó ní àwọn ará Jámánì ló kọ́kọ́ ṣe é, àwọn ará Ṣáínà wò ó, wọ́n sì rọ tiwọn. Ó mú un gba àárín ọ̀wọ́ kan kọjá. Ìbọn kan wà níbẹ̀ tí ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan gbé lé itan. Fọwọ́wò ti òrùka bọ ọrùn ìbọn náà. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Ó fà á wá sílẹ̀, eyín abẹ́ ìbọn há sínú ihò èèkù, ó dún kọ̀. Láti ìgbà yẹn, atẹ́gùn kò dún lẹ́nu ìbọn náà mọ́.

Ọdẹ́gbàmí wo ọkùnrin náà. Kò ní àbàjà. Ará Ṣáínà ni. Ó ní Ṣẹ́nì ni orúkọ òun, bí Ọdẹ́gbàmí ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Ìwọ tí o na ọwọ́, mo mọ ohun tí o fẹ́ bi mí. Òkú kì í wá ògbufọ̀. Fi ọwọ́ rẹ sílẹ̀, jẹ́ kí n ráyè sọ ìtàn mi.

Ọdẹ́gbàmí ní kí ó jẹ́ kí òun gbé ìbọn ẹ̀gbọ́n òun lọ. Ọkùnrin náà ní ìbọn òun ni. Ọdẹ́gbàmí fi ilà mẹ́ta hàn án lára ọ̀bẹ. Ṣẹ́nì dojú ìbọn rẹ̀ délẹ̀, ó fi irú ilà mẹ́ta kan náà hàn án lára irin rẹ̀. Ó nawọ́ sí ìbọn tó wà lápá òsì, ilà kan ló wà níbẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ní ilà méjì. Ó ní bí àwọn ṣe ń kọ ọ̀kan, èjì àti ẹ̀ta nílẹ̀ àwọn nìyẹn, pé ìbọn kẹta ni tòun, ọ̀bẹ kẹta ni ọ̀bẹ rẹ̀, kí wọ́n má baà ṣì wọ́n mú fún ara wọn.

Ọdẹ́gbàmí dúró síbẹ̀. Ó ní òun kò bínú, ojú kò sì ti òun. Ó kàn ń rò ó pé láti ọjọ́ yìí wá, ọ̀bẹ ọmọ ẹlòmíràn ni òun gbé sórí àga nílé, tí ìyá òun ń kí láràárọ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ Ṣẹ́nì bí ọ̀bẹ náà ṣe dé ọwọ́ Láṣebìkan.

"Mo dùbúlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ìbọn bà mí nínú," ni Ṣẹ́nì wí. "Àwọn sójà yín ń sáré padà sẹ́yìn, ọ̀tá ń lé wọn bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ fò mí dá. Ó rí ọ̀bẹ ọwọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ ilà ara rẹ̀, ó tún fi ìka kan náà tọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Ó ń sọ ohun kan, mi ò gbọ́ ọ nígbà náà. Ibi tí mo wà yìí ni mo tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ń bi mí pé ọmọ ilé ta ni mí."

Láṣebìkan jókòó tì í. Ó fún un lómi mu, ó di orí rẹ̀ mú sórí itan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pè é títí, ó ní òun kò lè fi ẹbí òun sílẹ̀ sójú ọ̀nà. Nígbà tí Ṣẹ́nì kú, ó mú ọ̀bẹ náà kí ó lè gbé e lọ fún àwọn ará ilé. Ibẹ̀ ni ọ̀tá ká a mọ́.

Ọdẹ́gbàmí ní nígbà tí òun gbọ́ èyí, òun mọ̀ pé ó yẹ kí nǹkan kan ṣe òun nínú. Ó dúró dè é. Kò sí ohun tó dé. Ó bi Ṣẹ́nì pé kí wá ni òun yóò mú lọ sílé báyìí, kí wọ́n tó lè ṣí ìpà ẹ̀gbọ́n òun. Ṣẹ́nì gbójú sókè wò ó.

"Ìyẹn tó wà léjìká rẹ ńkọ́? Ta ló ni ín?"

Ọdẹ́gbàmí di awọ tí ó fi gbé ìbọn náà kọ́ èjìká mú.

"Láṣebìkan ló ni ín," ló wí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Láṣebìkan ń lọ sógun, ó gbé ṣakabùlà rẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kí ó bá òun tọ́jú rẹ̀ kí òun tó dé. Ọdún méje ni Ọdẹ́gbàmí fi gbé e kọ́ èjìká. Ó gbé e wọ igbó, ó gbé e lọ sóko. Ìkọ́ rẹ̀ kan wà lára ògiri, kò gbé e kọ́ síbẹ̀ rí. Àwa náà tí a pé jọ bí ọlọ́gbọ́n, a mọ ìbọn yẹn nígbà tó wà lọ́wọ́ Láṣebìkan, ṣùgbọ́n a ti rí i lára àbúrò rẹ̀ pẹ́ débi pé kò sí ẹni tó rántí. Ojú ń tì mí títí di òní. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́gbàmí kò gbàgbé, òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó mọ̀ ọ́n, kò kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n ni, nítorí bí ó bá sọ ọ́ jáde, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ òun.

Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀ lẹ́nu ìbọn Ṣẹ́nì. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà dìde, ó gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń lọ sílé. Fọwọ́wò di ojú rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá títí ó fi lọ tán. Àlàfo kan ṣí sílẹ̀ láàárín ìbọn kejì àti ìbọn kẹrin.

Ọ̀nà àbọ̀ kò le. Omi odò kò ju kókósẹ̀ lọ, iwin oníbodè sì kọ ẹ̀yìn sí i. Ikọ́ náà ń tẹ̀ lé e, kúkúrú, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì. Ọdẹ́gbàmí kò bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ìgbà ìkẹyìn tí àwọn yóò jọ rìn nìyẹn. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi rìn ín.

Nígbà tó dé, Olúọ́dẹ béèrè ìbọn. Ọdẹ́gbàmí sọ ṣakabùlà náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní ìbọn Láṣebìkan nìyí. Olúọ́dẹ gbé e, ó wo ìdí rẹ̀, ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́, ó sì wo ilẹ̀ títí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì a ṣí ìpà Láṣebìkan. A kó ìbọn náà, àpò rẹ̀ àti fìlà rẹ̀ lọ sínú igbó, a kọ ìrèmọ̀jé títí ohùn wa fi há, a sọ fún un pé kí ó máa lọ. A yí padà, a kò wẹ̀yìn. Ẹ̀yìn Ọdẹ́gbàmí ni mo wà. Mo fetí sílẹ̀, òun náà fetí sílẹ̀. Kò sí ikọ́.

Ó délé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ rí i pé èjìká ọ̀tún rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù lára rẹ̀, ó sì bá ojú egbò jíjìn kan níbi tí awọ ìbọn ti ń ha á fún ọdún méje. Ó gbé omi kaná, ó ti aṣọ bọ̀ ọ́, ó fún un, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú egbò náà. Bó ṣe ń ṣe fún un láti ìgbà tí ara rẹ̀ ti kú ni, kò retí ohunkóhun.

"Ìyá," ni Ọdẹ́gbàmí wí, "ó gbóná."

Ìyá náà ti aṣọ náà bọ omi, ó fún un, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ó tó tún un tẹ̀ mọ́ ọn.

Ibi tí mo gbé ẹrù náà dé nìyẹn, èjìká tèmi náà fẹ́ sinmi. Ẹ yí ẹran yẹn padà, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti ń jó.